Ọdún Mẹ́ta tí Àgbọn Méje fi Gba Ààwẹ̀ ní Creekmouth

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti wọ bọ́ọ̀sì láti Barking lọ sí Creekmouth lọ́jọ́ Àìkú rí, ẹ ó ti rí ilé ìkẹ́rùsí gígùn kan tí wọ́n kùn ní funfun, láàárín ọgbà tí wọ́n ti ń tún páálẹ́ẹ̀tì ṣe àti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé díńgí. Ẹ lè rò pé ẹrù ló wà níbẹ̀. Mi ò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, Ìjọ Àdúrà Àgbọnméje ni, ẹ ó sì bá bàtà bí ọgọ́rùn-ún lẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé a kì í wọ bàtà dé orí ilẹ̀ mímọ́ ní ìjọ tiwa. Láàárín bàtà wọ̀nyẹn, bàtà ẹni kan wà lórí ìrọ̀rí. Bàtà Alága nìyẹn.

Orúkọ Alága ni Oyèbánjí Irewọlé. Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ o. Ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, nínú ilé ẹ̀fọ́ tútù kan lẹ́bàá odò, OJ ni àwọn tó ń wa forklift ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó dúró pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kó máa sọ pé kí wọ́n gbé kárọ́ọ̀tì sí apá òsì. Ó ń jẹ́ OJ náà níbẹ̀, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó bá ti bọ́ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn wọn sílẹ̀ tó gbé sùtánà wọ̀, ó di Alàgbà Àgbà, Aṣíwájú Gbogbogbòò, Alága Pátápátá fún Ìgbìmọ̀ Ìdúróṣinṣin Erékùṣù Mímọ́, Ẹ̀ka Ìlú Ọba àti Agbègbè Rẹ̀. Agbègbè wo? Ẹnì kan bi í léèrè lọ́jọ́ kan. Ó ní kó máa retí.

Bó bá wọlé, agogo á dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bó bá jókòó, á dún lẹ́ẹ̀kan. Akọ̀wé rẹ̀, Ṣọlá Ọlọ́ládé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà láàárín ọ̀sẹ̀, kì í jẹ́ kí nǹkan kan bọ́ sílẹ̀ nínú ìwé ìpàdé. Mo ti fi ojú ara mi kà á níbẹ̀ pé: "Alága sín. Ìjọ kí i pẹ̀lẹ́. Alága sín lẹ́ẹ̀kejì. Ìjọ dìde."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohun kan yìí sọ́kàn fún mi, nítorí pé a ó padà bá a níwájú. Òfin kan wà tí Alága fúnra rẹ̀ kọ, Òfin Kẹtàlá. Ó ní ohunkóhun tí Alága bá sọ nígbà tí Ẹ̀mí bá gbé e, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n kà á, kí agogo dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó sì ga ju ìpinnu ìgbìmọ̀ èyíkéyìí lọ. Kò sẹ́ni tó lè yí i padà, títí kan Alága náà. Ẹ̀mí ti gbé Alága lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ òfin yìí. Ní ìgbà àkọ́kọ́, Ẹ̀mí ní kí wọ́n ra àga tó ní ìgbápá fún un. Ní ìgbà kejì, Ẹ̀mí ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ sílé kí Alága tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó wá kan erékùṣù náà. Àgbọnméje wà nílé, nínú ọ̀sà. Kò tóbi. Èèyàn lè rìn yí i ká kí ìrẹsì tó jinná. Ibẹ̀ ni Bàbá Olùdásílẹ̀ ìjọ wa gúnlẹ̀ sí nínú ọkọ̀ ojú omi ní ayé àwọn bàbá wa, tó rí igi àgbọn méje lórí iyanrìn funfun, tó sì kúnlẹ̀ gbàdúrà. Ìyẹn ni ìjọ wa ṣe ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin ìjọ sì sọ pé àwọn ará erékùṣù ò gbọdọ̀ gbé àdá sí igi kankan níbẹ̀, àfi bí ìwé olóǹtẹ̀ bá ti London dé, bó bá sì ti dé, wọn ò gbọdọ̀ kọ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ London? Nítorí pé London ni àwọn tó kọ ìwé òfin náà ń gbé.

Lọ́jọ́ kan ní ọdún 2021, Bàbá Ìyìn, àgbàlagbà tó ń tọ́jú ilẹ̀ àdúrà lórí erékùṣù náà, fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp ìjọ. Ó kọ sí i pé, "Ẹ wo bí erékùṣù wa ṣe ń dára." Nínú fọ́tò náà, igi ẹ̀gbà ti yí etí omi ká, igi tó máa ń na gbòǹgbò sínú omi bí ẹni tó ń wá ẹja. Gbogbo wa kọ Àmín sábẹ́ rẹ̀. Alága ò kọ Àmín. Alága pe ìpàdé pàjáwìrì.

"Ẹ̀yin ará," ló wí, ó sì dúró kí agogo dún. "Ẹ̀yin èèyàn iyì, ẹ̀yin tí mò ń fi ìrẹ̀lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní irú rẹ̀ ṣe àkóso lé lórí! Àgbọn mélòó ni Bàbá Olùdásílẹ̀ rí?"

"Méje!"

"Ṣé ó rí ẹ̀gbà?"

"Rárá o!"

"Igi tó bá hù láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ yìí, kí là ń pè é?"

A wo ara wa lójú. Ìdáhùn yẹn ò sí nínú ìwé orin.

"Ọlọ̀tẹ̀ ni, sà," ni Ọlọ́ládé wí.

"Ọlọ̀tẹ̀! Kọ ọ́ sílẹ̀! Mo pa á láṣẹ pé kí wọ́n gé gbogbo ẹ̀gbà yẹn títí dé gbòǹgbò, kí wọ́n gbin àgbọn méje, kí erékùṣù náà padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí Bàbá dé ibẹ̀, kó má sì yí padà mọ́ láé!"

Bí a ṣe ń pàtẹ́wọ́ ni obìnrin kan dìde níwájú fèrèsé. Morónkẹ́ Adétúnbọ̀ ni, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Wúrà. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé kan lápá Eastbury, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Orí erékùṣù náà ni wọ́n bí i sí. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí pẹ̀lú, nítòsí omi, nítorí pé ìyá náà ní òun fẹ́ máa gbọ́ ohùn omi. Gbogbo ìgbà tí Morónkẹ́ bá lọ sílé, á gun òkúta tí òpó agogo ṣọ́ọ̀ṣì wà lórí rẹ̀, á kọjú sí ibojì ìyá rẹ̀, á ya fọ́tò kan ṣoṣo, á sì ka ìṣísẹ̀ láti ibojì dé etí omi. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún láàárín ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Inú àpò Bíbélì rẹ̀ ni fọ́tò márààrún wà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ló wí. "Ẹ bá mi wò ó. Ní '91, ogún ìṣísẹ̀ ni. Àgbọn mẹ́ta ṣì wà níbẹ̀ nígbà yẹn. Wọ́n gé àwọn yẹn fi ṣe òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Ní '98, ó ti di méjìlá. Ní 2006, ìṣísẹ̀ mẹ́rin, sà. Mẹ́rin! Mo sunkún dé airport. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ẹ̀gbà bẹ̀rẹ̀ sí í hù, ẹnikẹ́ni ò gbìn ín, ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ní 2013, ó di méje. Mo lọ ní 2019, mo ka mọ́kànlá. Igi yẹn ló di ibojì ìyá mi mú. Tí ẹ bá gé e, omi á gbé e lọ."

Alága gba fọ́tò márààrún. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ara rẹ̀ nínú wọn, kò rí ara rẹ̀, ó sì dá wọn padà.

"Màmá Wúrà, fọ́tò ò ní ìbò nínú ìgbìmọ̀ yìí."

Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ti ń kùn. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ẹni tí wọ́n sin sí etí omi níbì kan. Alága rí i pé ojú wọn ti yàtọ̀, ó sì gbé ọwọ́ sókè. Ó ní olódodo èèyàn ni òun, a ó ṣe ìdánwò. A ó kọ́ Àgbọnméje kékeré sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí à ń gbé ọkọ̀ sí. Bí erékùṣù kékeré náà bá wà lábẹ́ àṣẹ òun fún ọdún mẹ́ta tí kò yí padà, ẹ̀rí ti dé pé ti ńlá náà á gbọ́ràn, ìwé olóǹtẹ̀ á sì lọ. Bó bá yí padà, kí ẹ̀gbà máa wà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi kọ́ ọ. A ru yẹ̀pẹ̀ dúdú láti bèbè odò Roding, a da iyanrìn funfun lé e lórí, a ri báàfù àtijọ́ kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a bu omi sí i, ó di ọ̀sà. Alága ra igi àgbọn méje níbi tí wọ́n ti ń ta òdòdó, irú èyí tí àwọn òyìnbó máa ń gbé sí pálọ̀, wọn ò ga ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ó rì wọ́n sínú iyanrìn, ó wọ́n omi àdúrà sí i, ó sọ ọ́ di ilẹ̀ mímọ́, ó sì ka òfin rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ gbọdọ̀ dé orí rẹ̀ rárá títí ọdún mẹ́ta á fi pé, ọjọ́ tí òun Alága á rìn dé abẹ́ àgbọn keje láìwọ bàtà, tí òun á kéde lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé, "Kò yí padà!" Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fa ewé kan tu níbẹ̀, tàbí kó gé e, tàbí kó ro ó, nítorí pé ìyípadà ni gbogbo ìyẹn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n dúró mí díẹ̀. Ọkùnrin yìí fẹ́ kí ọgbà má yí padà, ó wá ní kí ẹnikẹ́ni má ro ó. Ọmọ àgbẹ̀ ju ogún lọ nínú àwa tí a wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bàbá tèmi gbin kòkó. Kí la ṣe? A pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí oṣù Kọkànlá dé, tí òtútù ń ti orí odò Thames wọlé, àgbọn àkọ́kọ́ dúdú. Kí Kérésìmesì tó dé, méjèèje ti tẹ orí ba. Alága wo ojú Ọlọ́ládé, Ọlọ́ládé wo inú ìwé rẹ̀.

"Ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà, sà."

Inú Alága dùn débi pé ó pàṣẹ kí ìjọ bá àwọn àgbọn náà gba ààwẹ̀ ní gbogbo ọjọ́rú. Mo gbà á, èmi tí mò ń kọ èyí. Mo fi ebi wa ọkọ̀ ẹrù fún oṣù mẹ́rin nítorí igi tó ti kú. Inú ṣì ń bí mi di òní.

Ooru dé. Igi olódòdó elésè àlùkò kan yọ ní àárín erékùṣù náà, irú èyí tó máa ń hù lẹ́bàá ojú irin. Ìwé ìpàdé sọ pé: "Àgbọn ti jáde nínú ààwẹ̀, ó sì wọ aṣọ oyè." Igi ẹlẹ́gùn-ún kan ń fà wọlé láti ara ọgbà. Ìwé ìpàdé sọ pé òjíṣẹ́ ni. Ewé kan tó ní eyín lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó dì pọ̀, bo gbogbo iyanrìn mọ́lẹ̀. Alága wò ó láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀, ó ní efinrin ni. Wọ́n dìbò. Ó di efinrin.

Peter, ọkùnrin òyìnbó tó ń tún páálẹ́ẹ̀tì ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, yọ orí láti òkè ọgbà lọ́jọ́ kan, ó ní, "Mate, buddleia yín yìí, igi elésè àlùkò yìí, mà dára o. Àmọ́ ẹ gé nettles yẹn, ewé eléyín yẹn. Á ta yín."

Ìgbìmọ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ Peter fún wákàtí méjì. Wọ́n pinnu pé nígbà tó jẹ́ pé Peter ò tíì ṣe ìrìbọmi, kò lè mọ orúkọ igi.

Ní gbogbo Àìkú, bí ìsìn bá ti parí, Morónkẹ́ á dúró níbi òpó géètì kẹta, á ya fọ́tò erékùṣù náà láti ojú kan náà. Ọmọ rẹ̀, Wúrà, tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Barking, ló máa ń dúró dè é.

"Mum, nettles nìyẹn now. Literally nettles. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

"Mo ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, Wúrà. Wọ́n ní fọ́tò ò ní ìbò."

"So gbogbo wọn kàn ń ṣe bíi pé coconut ni? That's mad."

"Dákẹ́. Àgbàlagbà ni wọ́n."

Lọ́dọọdún, Ọlọ́ládé gbọ́dọ̀ ka àgbọn láti ojú fèrèsé. Lọ́dọọdún, ó ń ka méje. Ní ọdún kẹta, méje tó kà ni igi elésè àlùkò márùn-ún, agboòrùn tó ti ṣẹ́ kan, àti ìgbálẹ̀ tẹ́nì kan gbàgbé síbẹ̀.

Bí ọjọ́ náà ṣe ń sún mọ́lé, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu Morónkẹ́ mọ́. Gbogbo wa ló mọ̀ pé ìdánwò náà ò ṣeé kùnà, nítorí pé ẹni tó ń ṣe ìdánwò ló ń máàkì rẹ̀. Morónkẹ́ gba ọjọ́ kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó lọ bá Alága nínú ilé ẹ̀fọ́ tútù. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, láàárín forklift méjì.

"Mo bẹ̀ yín, sà. Mi ò ní nǹkan míì nílé. Bàbá mi ò ní ibojì, inú omi ló kú sí. Ìyá mi nìkan ni mo lè lọ dúró tì. Ẹ fi ẹ̀gbà yẹn sílẹ̀ fún mi."

"OJ, who's this?" ni awakọ̀ kan bèèrè.

"Dìde, Màmá Wúrà," ni Alága wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. "Òkú ò mọ̀ bóyá omi wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Jẹ́ kí kárọ́ọ̀tì yìí kọjá."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò lè dárí rẹ̀ jì í. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ọjọ́ náà pé ní Àìkú kan ní oṣù Kẹfà, ọdún 2024. Bàbá Ìyìn ti ilé dé láti wá gba ìwé olóǹtẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ara rẹ̀ kéré, kò sì bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ bí oòrùn ṣe ń mú tó. Morónkẹ́ kúnlẹ̀ kí i.

"Bàbá, ṣé ẹ máa gé e lóòótọ́?"

"Inú mi ò dùn sí i, Morónkẹ́. Èmi ni mo sin màmá ẹ. Ṣùgbọ́n tí ìwé bá dé, a ò lè kọ̀ ọ́. Bí òfin wa ṣe wí nìyẹn."

Ìjọ yí erékùṣù kékeré náà ká. Agogo dún. Ọlọ́ládé di ìwé olóǹtẹ̀ mú lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi ìwé ìran, ìwé ọ̀rọ̀ Ẹ̀mí, sí abíyá òsì. Alága jáde pẹ̀lú sùtánà tí wọ́n lọ̀ títí ó fi ń dán, àmùrè àwọ̀ mẹ́ta ní ìdí rẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́. Ó bọ́ bàtà. Wọ́n gbé ìrọ̀rí wá. Ẹ rántí pé láti ọdún mẹ́ta ni kò tíì sún mọ́ ibẹ̀. Ó ti ka ìròyìn tó pọ̀ nípa rẹ̀ débi pé kò rí ìdí tó fi yẹ kó wò ó.

Bàbá Ìyìn bẹ̀rẹ̀, ó wo ewé tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó yára dìde.

"Alàgbà, ẹ dúró ná. Èsìsì lèyí o."

"Efinrin ni, Bàbá."

"Mo mọ efinrin, mo mọ èsìsì."

"Bàbá, a ti dìbò sí i," ni Alága wí, ó sì gbé ẹsẹ̀ wọ inú rẹ̀.

Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́, kò sí nǹkan. "Kò yí padà!" ló kígbe. Ìjọ ní, "Àmín!" Ìṣísẹ̀ kejì, ojú rẹ̀ yí díẹ̀. "Kò yí padà!" ló tún wí, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti tinrín. Ìṣísẹ̀ kẹta, ó rì dé orúnkún nínú ewé, sùtánà rẹ̀ ká sókè, gbogbo èsìsì tí a ti ń dáàbò bò fún ọdún mẹ́ta sì rí itan ọkùnrin náà.

"Kò yí... yéè!"

Ó fò sókè. Ó balẹ̀ sínú òmíràn, ó tún fò. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń mì tìtì, ó ń yí po.

Níbòmíràn, wọn ì bá sáré lọ fà á jáde. Ìjọ Aládùúrà la wà o. Bí a bá rí àgbàlagbà nínú sùtánà láìwọ bàtà, tó ń fò, tó ń gbọ̀n, tó ń pariwo, ohun kan ṣoṣo ló lè jẹ́ lójú wa.

"Ẹ̀mí ti dé!" ni ẹnì kan kígbe lẹ́yìn. Agogo bẹ̀rẹ̀ sí í dún kíkankíkan. Orin sọ. Àwọn obìnrin ń yí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọlọ́ládé ju ìwé olóǹtẹ̀ sílẹ̀, ó ṣí ìwé ìran, ó lá ṣóńṣó bírò.

"Ó ń jó mi o!"

"Iná Ẹ̀mí! Halelúyà!" Ọlọ́ládé kọ ọ́ sílẹ̀.

"Kì í ṣe efinrin! Kì í ṣe efinrin!"

"Àmín!" Ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Àgbọn dà? Kò sí àgbọn kankan níbí! Ó ti yí padà! Gbogbo rẹ̀ ló ti yí padà! Ẹ gbà mí!"

Orin gòkè sí i. Mo fẹ́ sọ fún yín pé mo fura. Mi ò fura. Mo ń jó.

Igi ẹlẹ́gùn-ún ti gbá a ní àmùrè mú. Ó ń fi ẹ̀yìn rìn, gìgísẹ̀ rẹ̀ yọ̀ ní etí báàfù àtijọ́ yẹn, tí omi ọdún mẹ́ta inú rẹ̀ ti dúdú, tó ti hu nǹkan, tó ní àkèré nínú. Bó ṣe ń ṣubú lọ ló na ọwọ́, ó gbá igi elésè àlùkò tó tóbi jù mú, ó sì so rọ̀ lé orí omi náà bí aṣọ tí wọ́n sá. Peter, tó ti ń wòran lókè ọgbà, nìkan ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó bẹ́ wọlé pẹ̀lú ẹ̀mú ìgégi, ó fẹ́ gé àwọn ẹ̀ka tó há a mọ́. Alága rí irin náà lẹ́bàá igi tó dì mú.

Ó figbe ta: "Ẹ má gé e o! Ẹ má gé igi yẹn! Òun ló dì mí mú! Tí ẹ bá gé e, omi á gbé mi lọ!"

Orin dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, nítorí pé ohùn náà wọni lára. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn la gbọ́ ohùn Morónkẹ́ níbi òpó géètì kẹta. Èèyàn tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè!

"Àmín!" ló ké. Omi ń dà lójú rẹ̀. "Àmín, sà! Àmín!"

Igi náà ò já. Ọwọ́ Alága ló já. Ó bọ́ sínú báàfù ní ìjókòó, omi ò sì dé àyà rẹ̀.

Wúrà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ọ. Lẹ́yìn rẹ̀ Peter, lẹ́yìn Peter gbogbo àwọn ọ̀dọ́, ẹ̀yìn wọn ni àwa àgbàlagbà tí a ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n Ọlọ́ládé ò rẹ́rìn-ín. Òfin Kẹtàlá sọ pé lójú ẹsẹ̀, òun sì ti ń pa òfin mọ́ fún ọdún mọ́kànlá. Ó dúró gbọn-in, ó ka gbogbo rẹ̀ sókè láti orí "ó ń jó mi" dé orí "ẹ má gé igi yẹn". Agogo dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Bàbá Ìyìn sún mọ́ báàfù náà.

"Alàgbà, mo fẹ́ mọ ohun tí n ó sọ fún àwọn ará ilé. Ṣé Ẹ̀mí ló sọ ọ̀rọ̀ yìí, àbí èsìsì ló ta yín?"

Ẹ ò rí wàhálà! Bó bá ní èsìsì ni, a jẹ́ pé kì í ṣe efinrin, erékùṣù ti yí padà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, ó ti kùnà ìdánwò tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé kalẹ̀, ó sì ti jó láàárín koríko lójú gbogbo ayé. Bó bá ní Ẹ̀mí ni, ọ̀rọ̀ náà ti di òfin, kò sẹ́ni tó lè yí i padà, títí kan òun náà. Alága wo ìjọ. Ó wo bàtà rẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Àkèré kan gun orúnkún rẹ̀.

"Ẹ̀mí ni," ló wí.

"Àmín," ni Bàbá Ìyìn wí, ó sì na ọwọ́ sí Ọlọ́ládé fún ìwé ìran. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i níbẹ̀. Ìwé yẹn ló gbé lọ sílé, pé kí ẹnikẹ́ni má gé e.

Àwa tó kù ti rìn wọlé lọ jẹun. Morónkẹ́ nìkan ló dúró. Peter ti já ewé gbàgẹ̀rẹ̀ kan fún un láàárín èsìsì náà, ó ní bí wọ́n bá fi ra ibi tó ta èèyàn, á rọ̀. Morónkẹ́ jókòó ti Alága lórí etí báàfù, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti wú lé itan, ó ń fi ewé náà ra á bó ṣe máa ń ra ẹsẹ̀ àwọn arúgbó rẹ̀ ní Eastbury.

"Kí lorúkọ ewé yìí?" ni Alága bèèrè.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà. Ó kàn hù ni."

Ìgbìmọ̀ Ìdúróṣinṣin ò lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ mọ́. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀mí ti sọ pé kò sí àgbọn kankan, gbogbo rẹ̀ ti yí padà, kò sì sí ohun tí wọ́n á máa ṣọ́. Ọlọ́ládé kọ ìyẹn sílẹ̀ pẹ̀lú, ó pa ìwé dé, ó sì gba ọjọ́ Àìkú kan fi sùn fún ìgbà àkọ́kọ́. Agogo ò dún fún ẹnikẹ́ni mọ́ bó bá jókòó. Ìrọ̀rí bàtà ti di ti ọmọ Ọlọ́ládé, tó máa ń sùn nígbà ìwàásù. Orúkọ tí àwọn ọ̀dọ́ ń pe Alàgbà Irewọlé báyìí ni Bàbá Efinrin. Ní ibi iṣẹ́, OJ ni síbẹ̀.

Morónkẹ́ lọ sílé ní oṣù Kejìlá. Nígbà tó padà dé, ó mú fọ́tò kẹfà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi hàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà bí a ṣe ń bọ́ bàtà. Ó kan Alàgbà Irewọlé. Ó gbà á, ó sì wá ara rẹ̀ nínú rẹ̀ ná, nítorí pé ìwà kì í kúrò lára lọ́jọ́ kan. Ẹ̀gbà ló rí, àti òkúta ibojì funfun kékeré kan lábẹ́ òjìji rẹ̀, ó jìnnà sómi. Ó dúró, ó ń wò ó, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń tì í.

"Mélòó ni báyìí?"

"Mẹ́rìnlá, sà."

Ó dá a padà fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ti bàtà ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ti Morónkẹ́ lè ráyè.